Ẹ̀rọ Tí Ń Da Téèpù Fídíò Kọ: Ọjà Rẹ̀ Ń Tán Lọ, Kí Ni Kí Ẹgbẹ́ Ṣe?

 

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí owó yíyá, lórí ìdúró fún ẹni, àti lórí bí akọ̀wé àti akápò ṣe gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ìwé owó. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan tí àwa alábẹ̀wò bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ni a fẹ́ mú wá sí iwájú yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń da téèpù fídíò àtijọ́ kọ ni. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ó kàn án. Bí kò bá ní ẹ̀rọ, ó lè ti dúró fún ẹni tó ní in. Bí kò bá sì dúró fún ẹnikẹ́ni, téèpù ìsìnkú bàbá rẹ̀ lè wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn.

OHUN TÍ A RÍ NÍNÚ ÌWÉ ẸGBẸ́ KAN

Ẹgbẹ́ kan wà tí a lọ yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ kọ́, kì í ṣe ẹ̀gàn. Nínú ìwé ẹ̀yáwó wọn, a rí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò san kọ́bọ̀ fún oṣù méje. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe oníjìbìtì. Onífídíò ni. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí a ti ń gba ìgbéyàwó àti ìkómọ sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì ńlá. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra ẹ̀rọ fídíò tòkunbọ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ àdàkọ méjì àti kọ̀ǹpútà kan, kí ó lè máa kó ohun tó wà lórí téèpù sí orí fláàṣì fún àwọn èèyàn.

Ọdún àkọ́kọ́ dára. Oníbàárà ń wọlé, ọkùnrin náà ń san owó rẹ̀ déédéé, ìgbìmọ̀ sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ nípàdé. Ní ọdún kejì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ kan jẹ, kò rí òmíràn rà. Ẹ̀rọ kejì ń jẹ téèpù oníbàárà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹni méjì ló dúró fún un. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá kan tó ń ta ata gbígbẹ. Ìyá yìí fẹ́ yá owó láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ìgbìmọ̀ sì sọ fún un pé owó tó fi pamọ́ ti so mọ́ gbèsè ẹlòmíràn. Ó wá bá wa níbi tí a jókòó sí, ó ní: "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀? Ẹ bá wa tà á, kí ẹ fi dí gbèsè." A ní kí wọ́n bèèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Owó tí wọ́n dá kò ju iye tí àwọn oníkòǹdẹ́mù fi ń ra irin lọ.

Nígbà náà ni ó yé wa pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé irú ọjà yìí fún ìgbìmọ̀, fún onídùúró, tàbí fún ayáwó fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ èyí.

KÍ NI Ẹ̀RỌ NÁÀ Ń ṢE GAN-AN?

Iṣẹ́ méjì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Èkíní ni pé ó ń yí òṣùwọ̀n àwòrán orílẹ̀-èdè kan padà sí ti òmíràn. Èkejì ni pé ó ń sọ àwòrán orí téèpù di òǹkà tí kọ̀ǹpútà lè kà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òṣùwọ̀n. Àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò léra wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà yan ìlà 525, wọ́n sì ń fi nǹkan bí àwòrán 30 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. NTSC ni wọ́n pe ti wọn. Jámánì àti Ìlú Ọba yan èyí tí a ń pè ní PAL, ìlà 625 àti àwòrán 25. Nàìjíríà tẹ̀lé wọn. Àwọn ará Faransé ṣe SECAM tiwọn, àwọn aládùúgbò wa ní Benin àti Togo sì tẹ̀lé Faransé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọjà méjì bá ń lo kóńgò tí kò dọ́gba, gàrí kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ra nílé kan kò lè fi òǹkà rẹ̀ tà ní ibòmíràn láìtún un wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni téèpù rí. Àbúrò tó ṣe ìgbéyàwó ní Amẹ́ríkà fi téèpù ránṣẹ́ sílé. A kì í bọ inú ẹ̀rọ PAL lásán, àwòrán á máa yí gbirigbiri, kò sì ní sí àwọ̀ lára rẹ̀. Téèpù SECAM tó bá sì bọ́ sínú ẹ̀rọ PAL á jáde ní dúdú òun funfun.

Ẹ̀rọ àdàkọ ló ń tún gàrí náà wọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú, kí ó tún ìlà rẹ̀ tò, kí ó sì fi àwòrán 25 rọ́pò 30 tàbí 30 rọ́pò 25, láìjẹ́ pé ẹni tó ń jó nínú fídíò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ní 1972, nígbà tí àjọ IBA ní Ìlú Ọba gbé ẹ̀rọ tiwọn tí wọ́n ń pè ní DICE jáde, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990 ni irú Panasonic AG-W1 dé, tí ó jẹ́ ẹ̀rọ fídíò tó lè ka òṣùwọ̀n gbogbo, tó sì lè yí i padà fúnra rẹ̀. Onífídíò tó bá ní irú rẹ̀ nígbà náà, ẹni ńlá ni.

BÍ ỌJÀ NÁÀ ṢE GBÈRÚ

Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC sì gbé VHS jáde ní 1976. VHS ló borí. Kò pẹ́ tí ayẹyẹ kò fi pé mọ́ bí onífídíò kò bá sí níbẹ̀. Nígbà tí *Living in Bondage* jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS ní 1992, òwò fíìmù orí kásẹ́ẹ̀tì gbòde kan, Ìdúmọ̀tà ní Èkó sì di ojúkò rẹ̀. Ilé tó bá rí jájẹ ní kásẹ́ẹ̀tì jọ sínú àpótí gíláàsì.

Ní 1996 ni DVD kọ́kọ́ jáde ní Japan. Nígbà tí síídì àti DVD wá dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ayé fẹ́ kó ohun tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kúrò. Ìgbà ìkórè àwọn adàfídíòkọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ fídíò kan àti kọ̀ǹpútà kan lè bọ́ ilé. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún iṣẹ́ yìí.

OHUN TÓ FÀ Á TÍ ỌJÀ FI Ń TÁN LỌ

Àwọn àgbà ní ìgbà kì í lọ bí òréré. Ohun mẹ́rin ló pàdé pọ̀.

Èkíní: àwòrán tuntun kò nílò ẹ̀rọ náà mọ́. Fóònù ni a fi ń gba ayẹyẹ sílẹ̀ báyìí. Ohun tí a gbà ní Òṣogbo ń dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè bóyá PAL ni tàbí NTSC. Tẹlifíṣọ̀n òde òní gan-an ń gba méjèèjì.

Èkejì: àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ti jáwọ́. Sony kò ṣe ẹ̀rọ Betamax mọ́ láti 2002, ó sì dáwọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró ní 2016. Ní ọdún 2016 yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tó jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, pa iṣẹ́ náà tì. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ VHS tuntun kankan. Gbogbo èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tòkunbọ̀ ni, ara òkú ẹ̀rọ mìíràn ni a sì ti ń yọ ẹ̀yà tí a fi ń tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta: okùn tó so ẹ̀rọ àdàkọ mọ́ kọ̀ǹpútà ń kú lọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àdàkọ tó dára jù ló ń lo okùn tí a ń pè ní FireWire. Kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú okùn náà mọ́. Apple, tó gbé e lárugẹ jù lọ, yọ ọ́ kúrò nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ tuntun ní 2025. Ẹ̀rọ àdàkọ lè wà láàyè, kí ó má sì rí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù, òun ni a sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ di mú. Oníbàárà iṣẹ́ yìí kì í padà wá. Ẹni tó ń gẹrun, irun tó gẹ̀ lónìí yóò tún hù lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ ata, ata tó lọ̀ lónìí yóò tán nínú ìkòkò lọ́la. Ṣùgbọ́n téèpù tí a bá ti dà kọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kò sí ẹni tó ń gba téèpù tuntun sílẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí onífídíò bá ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni oko tó ti ń jẹun ṣe ń tán tó.

Àwọn kan lè sọ pé, "Bí nǹkan bá ṣọ̀wọ́n, ṣebí ó máa wọ́n ni?" Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ń wá àwọn ẹ̀rọ fídíò tó dára jù, wọ́n sì ń fi owó gidi rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹ̀rọ díẹ̀ ni, èyí tí a tọ́jú tí a sì dán wò. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó ti jẹ eruku àti iná ìlọbọ̀ ọdún 20. Kí ẹgbẹ́ má ṣe fi iyì àwọn yẹn díwọ̀n èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ JẸ́ KÁ FI ÌṢIRÒ WÒ Ó

A ó fi àpẹẹrẹ ṣe é kí ó lè yé tàgbà tèwe. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó tí àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èlé jẹ́ ₦480,000, tí yóò san fún oṣù 24. Ìyẹn jẹ́ ₦20,000 lóṣù. Ká ní lẹ́yìn iná, fláàṣì àti àtúnṣe, ₦1,000 ló ń ṣẹ́kù fún un lórí téèpù kan.

Ìgbìmọ̀ wo ìwé rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ń rí téèpù 30 lóṣù. Wọ́n ní èrè ₦30,000 kọjá ₦20,000, wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, téèpù dín kù sí 10 lóṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún kìíní, téèpù 360, ọdún kejì, téèpù 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 480, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦480,000. Iye tó jẹ gbèsè gan-an nìyẹn. Bí ó bá san gbogbo rẹ̀, kò ní jẹun fún ọdún méjì. Bí ó bá sì jẹun, onídùúró ni yóò san án.

Ẹ tún wo àkókò. Téèpù tí a kọ 180 sí lára, wákàtí mẹ́ta gbáko ni. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wákàtí mẹ́ta tó fi gba ayẹyẹ sílẹ̀ ni yóò fi dà á kọ. Téèpù 480 jẹ́ wákàtí 1,440 tí iná gbọ́dọ̀ fi wà, tí ẹ̀rọ àgbàlagbà náà gbọ́dọ̀ fi máa yí.

Bí ìgbìmọ̀ bá ti ṣe ìṣirò yìí ṣáájú, wọn kì bá tí lé ọkùnrin náà padà lọ́wọ́ òfo. Wọn ì bá fún un ní ìdajì, ₦240,000, kí ó san án láàárín oṣù 10 nígbà tí ìkórè ṣì wà. Ìyẹn jẹ́ ₦24,000 lóṣù, ọwọ́ rẹ̀ ká a, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù fún ọbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA FÚN ÌGBÌMỌ̀ Ẹ̀YÁWÓ

Kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí owó fún ẹ̀rọ èyíkéyìí, kí wọ́n bèèrè mẹ́ta yìí, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀:

1. Ṣé oníbàárà yóò padà wá, àbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò nílò iṣẹ́ náà?

2. Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ibi kankan?

3. Bí ayáwó kò bá lè san án, èló ni a lè ta ẹ̀rọ náà ní oṣù kejìlá, kì í ṣe lónìí?

Bí èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dára, kí owó kéré, kí àkókò sísan kúrú, kí a sì sọ òótọ́ fún onídùúró kó tó tẹ ọwọ́ bọ ìwé. Onídùúró tí kò mọ ohun tó dúró fún, a ti rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Nínú àwọn ìwé kan tí a yẹ̀ wò, a rí i pé ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n rà láti máa fi yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nígbà ayẹyẹ, iye tí wọ́n rà á sì ni wọ́n ṣì ń kọ sínú ìwé ohun-ìní lọ́dọọdún. Ìyẹn kì í ṣe ohun-ìní, àlá ni. Kí akápò máa yọ iye ìgbó rẹ̀ kúrò lọ́dọọdún. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kí ìpàdé gbogbogbò fọwọ́ sí i kí a pa á rẹ́ nínú ìwé.

FÚN ẸNI TÓ TI NÍ Ẹ̀RỌ LỌ́WỌ́

Ẹ má ṣe yá owó kún owó láti fi ra òmíràn. Ẹ fi ẹ̀rọ tó kú tún èyí tó ń mí ṣe. Ẹ polongo fún oníbàárà yín pé àkókò kúrú, nítorí òótọ́ ni. Ọjọ́ tí èrè oṣù kan kò bá tó owó iná àti owó ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ fídíò dà kọ, ó mọ bí a ṣe ń gé àwòrán, ó mọ bí a ṣe ń tún ohùn ṣe. Ọgbọ́n yẹn kò gbó. Ẹ̀rọ ló gbó.

FÚN ẸNI TÍ TÉÈPÙ WÀ NÍLÉ RẸ̀

Ìbàjẹ́ téèpù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 2015, ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Ọsirélíà kìlọ̀ pé téèpù tí a kò bá dà kọ títí di 2025, ó ṣeé ṣe kí a má rí i gbà là mọ́. Ọdún náà ti dé. Nítorí náà:

Ẹ wo ojú téèpù náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun tàbí òwú lára rẹ̀, ẹ má ṣe ki í bọ inú ẹ̀rọ. Yóò ba téèpù jẹ́, yóò sì ba hẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nù ni kí ẹ gbé e fún.

Ẹ ṣẹ́ ike pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń lẹ orúkọ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

Ẹ gbé e dúró ní òòró, níbi tó tutù tó sì gbẹ. Kì í ṣe orí àjà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìdáná.

Bí a bá ti dà á kọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ méjì, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fláàṣì kan ṣoṣo máa ń sọnù.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. A bá wọn jókòó ní ìpàdé gbogbogbò. Àwọn kan fẹ́ kí a gba owó ìyá aláta lọ́jọ́ náà kí ọ̀rọ̀ tán. Àgbà kan dìde, ó ní kí gbogbo ilé lọ wo abẹ́ ibùsùn. Wọ́n fẹnu kò pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó téèpù tó bá ní wá láàárín oṣù mẹ́ta, ní iye kan tí gbogbo wọn mọ̀, kí ìdajì owó náà máa lọ tààrà sínú gbèsè. Wọ́n sì fa àkókò sísan ìyókù gùn. Bí gbèsè bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú owó àwọn onídùúró sílẹ̀.

Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, gbèsè náà kò tíì tán. Ìyá aláta ti rí díẹ̀ gbà nínú owó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti padà sí kíláàsì. Nínú àwọn téèpù tó jáde, ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn wọn lélẹ̀. Akápò wọn àkọ́kọ́, tó ti di olóògbé, ń ka iye tí kálukú dá, lórúkọ lórúkọ. Ìparọ́rọ́ ni gbogbo ilé nígbà tí wọ́n ń wò ó.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́, òógùn ojú wa ni. Kí a tó fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká bèèrè bí ọjọ́ tó kù fún un ṣe pọ̀ tó.